Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì Tí Bàbá Mi Gbé Wá Sí Pálọ̀ Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní ilé alájà gogoro kan ní Edgewater, ní Chicago, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà nínú pálọ̀ wa. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an ló rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà nípa rẹ̀ ní yunifásítì, tí ẹ ń sọ fún mi pé ètò ìṣèlú tiwọn dára ju ti Amẹ́ríkà níbí lọ, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Mo kórìíra ètò náà. Mi ò ní fi bò fún yín.

Bàbá mi ti gbé London kí wọ́n tó wá sí Chicago. Wọ́n kàwé níbẹ̀, wọ́n sì máa ń lọ jókòó sókè nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, níbi tí wọ́n ti ń gba ará ìlú láyè láti wòran. Ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ wọ̀ wọ́n lẹ́jẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwa Mùsùlùmí Yorùbá tó wà káàkiri Chicago dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ilé wa la sì ti ń pàdé lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìrun àyílà. Àwọn èèyàn fẹ́ yan alága àti akọ̀wé bí gbogbo ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe. Bàbá mi ní rárá. Wọ́n ní ìyẹn kò yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n á yan ẹnì kan fún ọdún mẹ́rin, tí apá ò sì ní ká a bó bá ń ṣe bó ṣe wù ú. Lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ará ìlú kì í dìbò yan olórí ìjọba tààrà. Aṣòfin ni wọ́n ń yàn, ẹgbẹ́ tí aṣòfin rẹ̀ bá pọ̀ jù ló ń ṣe ìjọba, olórí ẹgbẹ́ yẹn ló sì ń di olórí ìjọba. Lọ́jọ́ tí àwọn aṣòfin bá dìbò pé àwọn ò fọkàn tán ìjọba náà mọ́, ó ṣubú nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àwọn èèyàn gbà, wọ́n sì fi bàbá mi fúnra wọn ṣe olórí ìjọba.

Bàbá mi pín àga pálọ̀ sí apá méjì kí wọ́n kọjú síra, ìjọba lápá kan, alátakò lápá kejì. Wọ́n kó àwọn bàbá arúgbó mẹ́ta kan, tí ẹnikẹ́ni kò dìbò fún, sórí sófà ẹ̀yìn, wọ́n ní àwọn ni ilé kejì, ilé àwọn ọlọ́lá. Oorun làwọn yẹn ń sùn níbẹ̀. A tún gbọ́dọ̀ ní ọbabìnrin. Màmá kan wà ní Oak Park tí ọmọ wọn mú wá láti Ìwó, Màmá yìí ló sì dàgbà jù láàárín wa. Wọ́n gbé Màmá jókòó sórí àga onítìmùtìmù, gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ bá sì ti fọwọ́ sí, Màmá ni yóò tẹ̀ka sí i. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa o: Màmá ò gbọdọ̀ kọ̀. Inú Màmá kọ́kọ́ dùn, nítorí wọ́n rò pé oyè gidi ni.

Ó wá ku alátakò. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe é. Ta ni yóò jókòó ní pálọ̀ ẹlòmíràn, tí yóò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, tí yóò tún máa ta kò ó? Bàbá mi yíjú sí ọ̀rẹ́ wọn àtàtà, tí wọ́n jọ lọ ilé kéú kan náà láti kékeré. Lansing ni wọ́n ń gbé, ní gúúsù Chicago, nítòsí ẹnubodè Indiana, Dádì Lansing la sì ń pè wọ́n. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Takisí ni wọ́n ń wà. Ọmọbìnrin wọn, tí a jọ jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, lọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo tó ń bá mi sọ Yorùbá láìtijú.

"Ọ̀rẹ́, mi ò lè máa bá ẹ jà ní public o," Dádì Lansing wí.

"Ta ló ń jà? Iṣẹ́ ni," bàbá mi fèsì. "Anything tí mo bá ti sọ, you oppose it. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Eré ni fún oṣù mélòó kan. Dádì Lansing á dìde, á ní ìjọba kò mọ ohun tó ń ṣe, àwọn èèyàn á máa gbá tábìlì, wọ́n á máa pariwo "Hear, hear!" bí bàbá mi ṣe kọ́ wọn. Wọ́n ta ko ọjọ́ tí a ó lọ ṣeré létí omi. Wọ́n ta ko irú bisikíìtì tí a ó máa fún àwọn ọmọdé. Ìbò ìjọba á borí tiwọn, gbogbo wa á sì jọ jẹun. Nígbà tó yá, Dádì Lansing ò fi bẹ́ẹ̀ dúró jẹun mọ́. Tí àwọn méjèèjì bá fi ọ̀rọ̀ gún ara wọn fún wákàtí méjì, oúnjẹ kì í wù wọ́n jẹ mọ́.

Bàbá mi wá gbé òfin kan wá pé ilé wa ni kéú àwọn ọmọ á ti máa wáyé ní gbogbo àárọ̀ Saturday, ẹni tí kò bá sì mú ọmọ rẹ̀ wá kò sí nínú ẹgbẹ́ mọ́. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mẹta bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ka àbá òfin. Dádì Lansing ta kò ó bí iṣẹ́ wọn. Màmá tẹ̀ka.

Ìgbà òtútù dé. Láti Lansing sí ọ̀dọ̀ wa, wákàtí kan ni bí ọ̀nà bá gbẹ. Bí yìnyín bá bọ́, Ọlọ́run ló mọ̀. Ní Saturday kan, ọ̀rẹ́ mi fà mí wọ kíṣìnnì. Ó ní oorun ló gbé dádì òun lọ lórí ìwakọ̀, ọkọ̀ ti ń fẹ̀gbẹ́ lọ bá irin ẹ̀gbẹ́ títì kí òun tó figbe ta. Kò sẹ́ni tó fara pa.

Lọ́jọ́ kejì, Dádì Lansing dìde nínú ìgbìmọ̀. "Mo máa ń work all night kí n tó kó àwọn ọmọ wá síbí. Ẹ jọ̀ọ́, in winter only, ẹ jẹ́ kí àwa ará South máa ṣe kéú tiwa ní Lansing." Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní, "The Opposition ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ dáadáa lónìí." Pálọ̀ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá tábìlì. Mo wo ojú Dádì Lansing. Ọdún kan gbáko ni eré yìí ti fi kọ́ gbogbo wa pé ọkùnrin yìí kò ní ọ̀rọ̀ míì ju rárá lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá fi gbogbo ara sọ ọ́, kò sẹ́ni tó mọ ìyàtọ̀.

Dádì Lansing bá ní kí a dìbò bóyá ẹgbẹ́ ṣì fọkàn tán ìjọba. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé inú bàbá mi dùn! Wọ́n ní ètò náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ẹnì kan tó ń rí i pé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ dìbò síbi tí olórí bá fẹ́, ìwé ló ń kọ sí wọn. Bí ìlà bá pé mẹ́ta lábẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, o ò gbọdọ̀ yà. Bàbá mi kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi, ìyàwó wọn, wọ́n fa ìlà pupa mẹ́ta sí i lábẹ́, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì. Mo ti sọ ohun tí ọ̀rẹ́ mi rí fún ìyá mi. Ìyá mi ní àwọn gbọ́.

Lọ́jọ́ ìbò, kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́, Màmá Oak Park pariwo lórí àga wọn. "Ẹ dúró! Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bọ̀ níwájú mi." Àwọn méjèèjì dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Dádì Lansing ti ń dọ̀bálẹ̀. Àfi bí bàbá mi ṣe rántí London.

"Ẹ má bínú, Ma. Queen kì í dá sí irú èyí. It's the convention."

"Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ẹ kà á fún mi."

"Kò sí níbi kíkọ, Ma. Unwritten ni."

Màmá fẹ̀yìn ti àga wọn padà, wọ́n sì jẹ́ kí ìbò máa lọ. Ìbínú ibẹ̀ ò tíì kúrò lára mi dòní. Nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó dàgbà jù á pe ọ̀rẹ́ méjì jókòó, á bá ti ibí wí, á bá ti ọ̀hún wí, ọ̀rọ̀ á sì parí kí ilẹ̀ tó ṣú. Gẹ̀ẹ́sì mú àgbà, wọ́n dé e ládé, wọ́n sì fi adé náà dí i lẹ́nu. Òfin tí kò sí nínú ìwé kankan ni wọ́n fi ṣe é!

Èèyàn mẹ́tàdínlógún ló dìbò. Ọwọ́ mẹ́jọ lòdì sí ìjọba. Ọwọ́ mẹ́sàn-án fún ìjọba, ti ìyá mi sì wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ni ìyá mi ń wò bí wọ́n ṣe nà án.

Dádì Lansing mú kóòtù wọn láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi wá mú tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ní, "Ó di Saturday o." Kò mọ̀ pé àwọn ò tún ní wá mọ́. Mo dúró dè é ní ojú fèrèsé ní Saturday mélòó kan. Ẹgbẹ́ náà tú ká kí ọdún tó parí, ìjọba ò rí ẹni ṣàkóso lé lórí mọ́.

Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ ọmọ mi ń ṣe kéú lórí kọ̀ǹpútà báyìí. Ọmọ tó wà ní Lansing lè máa ké lẹ́tà fún aáfà láti inú yàrá rẹ̀, kí yìnyín máa bọ́ lóde. Ohun tí ọkùnrin yẹn bẹ̀bẹ̀ fún kò jù báyẹn lọ.

Nígbà tí bàbá mi darúgbó, wọ́n ń wo ilé ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí tẹlifíṣàn lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń ṣí ìjókòó tuntun. Olórí ìjọba àti olórí alátakò jọ ń rìn lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi yí ohùn tẹlifíṣàn wálẹ̀. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn pe Lansing.

Nọ́ńbà náà ṣì wà lórí mi láti ìgbà èwe. Obìnrin kan ló gbé e. Mo mọ ohùn náà, àmọ́ mi ò lè sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo béèrè bàbá rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ló fi dá mi lóhùn: "My dad passed three years ago, ma'am."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Bàbá mi ń wò mí lẹ́nu. "Kí ló wí?"

Mo ní wọn ò sí nílé.