Orí Iṣu Músíọ̀

Ọjọ́ tí alábẹ̀wò ìjọba wá wò ó bóyá kí wọ́n yọ ẹ̀kọ́ Faransé kúrò ní iléèwé kan l'Émùré, olùkọ́ rẹ̀, Akínpẹ̀lú, tí gbogbo ìlú ń pè ní Músíọ̀, ‘ọ̀gbẹ́ni’ lédè Faransé, gbé iṣu àti àdá wọ kíláàsì.

“Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ̀kọ́ oúnjẹ sísè nìyí ni?”

“Faransé ni, sà.”

Ó kọ *parlons*, ‘à ń sọ̀rọ̀’, sójú pátákó. Ó ní kí Bàrákàt, ọmọ àgbẹ̀ kan, gé e.

“*Par*,” Bàrákàt pàtẹ́wọ́. “*Lons*.” Ó tún pàtẹ́wọ́.

“Ibi tí ẹnu gé e nìyẹn. Ẹnu kì í ṣe àgbẹ̀. Fi àdá gé e.”

Bàrákàt gé iṣu náà lábẹ́ orí, bí bàbá rẹ̀ ti máa ń ṣe nígbà iṣu tuntun, tí wọ́n á mú ara iṣu relé, tí wọ́n á sì bo orí padà sínú ebè kó lè tún ta.

“*Parl* ni orí, sà. *Ons* ni ara. Bí a bá gé *ons*, orí á tún ta òmíràn: *parlez*, ‘ẹ̀ ń sọ̀rọ̀’.”

Alábẹ̀wò yọ awò ojú rẹ̀. “Èyí tí ẹ gé wá ńkọ́?”

“Tiyín ni, sà.”

Wọ́n sun ún. Alábẹ̀wò fi epo pupa jẹ *ons* tán, Faransé sì dúró síléèwé.

Habeeb ọlọ́kadà ló ń gbé Músíọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Lórí ọ̀kadà náà, Músíọ̀ a máa fi ìka gé ọ̀rọ̀ lé èjìká Habeeb: *fi*, *nis*, *sons*, ‘à ń parí’. Bí ó bá ti fọwọ́ kàn án, Habeeb á tẹ bíréèkì.

“Bàbá, ṣé ẹ̀ ń sọ̀ ni àbí ẹ ò sọ̀?”

“Máa lọ. Faransé ni mò ń gé.”

“Ẹ gé e sára yín!”

Láti ọjọ́ náà, itan ara rẹ̀ ni Músíọ̀ ń lù. Ní àárọ̀ tó fẹ́ sọ̀ lóòótọ́, itan náà ló lù. Habeeb gbé e kọjá iléèwé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìkẹ́rẹ́.

Folúkẹ́, ìyàwó Músíọ̀, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Bàbá Bísọ́lá, elédè Faransé tí kò dé Kùtọnú rí!”

“Ìwọ tí ò ń ká kòkó láti kékeré, ṣokoléètì mélòó lo ti jẹ?”

Músíọ̀ kú lọ́dún tó kọjá, kété lẹ́yìn iṣu tuntun. Iléèwé ní kò sí olùkọ́ mọ́. Bí ọdún bá yí, Faransé á kúrò.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, Folúkẹ́ lọ sóko ọkọ rẹ̀. Àwọn orí tí Músíọ̀ bò sínú ebè ti ta. Ó wa ọ̀kan, ó gbé e lọ fún Bàrákàt, tó ti gboyè Faransé ní yunifásítì, tó sì ń wá iṣẹ́ kiri.

“Uṣu ọ̀gá rẹ rè é,” ó ní.

Bàrákàt fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó lọ bá ọ̀gá iléèwé pé òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé.

Lọ́jọ́ Ajé, òun náà gbé iṣu àti àdá wọ kíláàsì. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó dúró kí ẹ̀rín náà tán.

“Ta ni ọmọ àgbẹ̀ níbí?”

Gbogbo ọwọ́ ló nà sókè.