Kọ̀ǹpútà Mọ́ṣádé Ò Yọjú Wo Káàdì Ẹnikẹ́ni

Ẹni tó bá rò pé Mọ́ṣádé á bẹ̀bẹ̀ kò tíì mọ obìnrin náà. Olùkọ́ ìṣirò ni ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1985. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Ernest, ló gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan ti ìlú òyìnbó dé, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó fi sílé Mọ́ṣádé. Ìgbà tó yá, bọ̀dá ní òun fẹ́ gbé e lọ sí Èkó. Bẹ́ẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mọ́ṣádé ti ń wá fi í kọ́ṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì sí òmíràn tí wọ́n lè fojú rí.

"Mo ti kọ́ kọ̀ǹpútà yìí ní Wọ́ọ̀tì, eré káàdì yẹn," ni Mọ́ṣádé wí. "Tó bá nà yín, ẹ fi sílẹ̀ fún wa."

Ernest rẹ́rìn-ín. Ta ló ń na Ernest ní Wọ́ọ̀tì, láti Odogbolu títí dé Ayépé?

Ernest fúnra ẹ̀ ló pín káàdì. Káàdì ti ẹ̀rọ àti èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ nìkan ni Mọ́ṣádé ń tẹ̀ fún un, ó sì ń bá a ju èyí tó bá kọ sójú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó kan káàdì ìràwọ̀, Ernest lọ sọ́jà, ó mú káàdì kún tọwọ́ ẹ̀. Ẹ̀rọ bá gbà pé kò ní ìràwọ̀ nìyẹn. Nígbà tó ku káàdì kan lọ́wọ́ Ernest, ẹ̀rọ ju káàdì Wọ́ọ̀tì sílẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kéèyàn béèrè irú tó bá wù ú, ó ní ìràwọ̀ lòun fẹ́. Ernest rọra fi ìràwọ̀ lélẹ̀, eré parí.

"Ẹ ní in lọ́wọ́, ẹ sì lọ sọ́jà?"

"Ṣé èèwọ̀ ni?"

Kì í ṣe èèwọ̀. Inú bí Mọ́ṣádé gan-an, kì í ṣe sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ o, sí ara ẹ̀ ni. Inú ọmọ èèyàn jìn, òun wá lọ fi àbá kọ́ ẹ̀rọ bí ẹni pé òótọ́ ni. Ó ní kí wọ́n ta á lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́la. Ernest ní kò burú, òun á yà gbé ẹrù òun lẹ́yìn ìsìn.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Mọ́ṣádé ti tún un kọ́. Ohun tí ẹ̀rọ rí yàtọ̀, ohun tó kàn fura sí yàtọ̀. Bí eré bá ti le, èyí tó rí ni kó dì mú.

Lọ́jọ́ kejì, Ernest ti ṣí búùtù ọkọ̀ sílẹ̀ kó tó wọlé. Ó kan ìràwọ̀, ó tún lọ sọ́jà. Nígbà tó yá, ó ku káàdì kan lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀rọ ní méjì, Wọ́ọ̀tì kan àti àgbélébùú kan. Ẹ̀rọ ronú títí, Ernest ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Ẹ̀rọ ju Wọ́ọ̀tì sílẹ̀, ó ní àgbélébùú lòun fẹ́. Gbogbo àgbélébùú yòókù àti gbogbo Wọ́ọ̀tì ló ti bọ́ sílẹ̀ lójú wọn. Èyí kì í ṣe àbá.

Ernest lọ sọ́jà, tòótọ́tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ fi àgbélébùú tiẹ̀ lélẹ̀, ó tán.

Ernest ṣí káàdì tó ti ń dì mú: ìràwọ̀ ni. Ó tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n.

"Kí ló tún mọ̀ nípa mi?"

"Ohun tẹ́ ẹ bá fi hàn án nìkan, Bọ̀dá mi."

Bọ̀dá pa búùtù dé, ó wakọ̀ lọ Èkó lọ́wọ́ òfo. Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọbìnrin náà bá kọ̀ǹpútà wọn níbi tí wọ́n fi í sí.