Ẹni Tó Dáhùn Àdúrà Ọmọpẹ́

Oyèníran káfíńtà kì í ṣe ọ̀tá ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Èjìgbò ni kò mọ̀ ọ́n. Òun ló kan ilẹ̀kùn ilé Fadá, òun náà ló sì tún àwọn bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ṣe nígbà tí ikán jẹ ẹsẹ̀ wọn, tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, tí Ọmọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ bá wé gèlè tán, tó mú Ìfẹ́olúwa ọmọ wọn lọ́wọ́, tó ní, "Bàbá Ìfẹ́, a ń lọ o," ohun tí Oyèníran máa ń sọ kò ju "Ẹ bá mi kí wọn" lọ. Kò bá Ọlọ́run jà. Ó kàn yan Ọlọ́run lódì ni, bí èèyàn ṣe ń yan ẹ̀gbọ́n tó já a kulẹ̀ lódì.

Àbíjàn ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìlú Ọlá, nítòsí Èjìgbò, ni Oyèníran, nínú ilé tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà Ògìyán. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló mú un lọ sí Àbíjàn láti kọ́ṣẹ́ nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ibẹ̀ ló ti pàdé Ọmọpẹ́, ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí sí àdúgbò Treichville, tí ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kó lọ síbì kankan àfi ṣọ́ọ̀ṣì. Bí Oyèníran bá fẹ́ rí i, àfi kó lọ síbi àdúrà ròsárì nírọ̀lẹ́. Á jókòó sẹ́yìn, á máa wo ẹ̀yìn ọrùn ọmọbìnrin náà, ẹnu rẹ̀ á sì máa bá wọn pe èdè Faransé tí kò tíì yé e tán. Oṣù mẹ́jọ gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìyá ọmọ máa fi gbà fún un, àdúrà ti wọ̀ ọ́ lórí. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sọ ọ́ ní Jósẹ́fù nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, Fadá ibẹ̀ sì so wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìjà ìdìbò dé. Oyèníran gbàdúrà ọjọ́ mẹ́ta pé kí iná má dé ṣọ́ọ̀bù òun. Lọ́jọ́ kẹrin, iná dé ibẹ̀. Pákó, ẹ̀rọ, àga tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀, kò ku ìṣó kan. Àpò kan àti Ìfẹ́olúwa tí Ọmọpẹ́ pọ̀n sẹ́yìn ni wọ́n gbé wọ Èjìgbò. Láti ọjọ́ náà, Oyèníran kò gbàdúrà mọ́.

Ọmọpẹ́ ní tirẹ̀ kò bọkàn jẹ́ títí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àtíèkè, ìyẹn gbàgúdá rírin tí wọ́n fi ooru omi sè, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Àwọn tó ti Àbíjàn dé ló kọ́kọ́ ń rà á. Nígbà tó yá, àwọn tí kò rékọjá Ògbómọ̀ṣọ́ rí náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ wá. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ẹlẹ́rìn-ín, ó sì máa ń fi Faransé bínú kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ ohun tó sọ.

Nígbà tó rí kókó kan ní ọmú òsì, kò sọ fún ẹnì kankan. Ó rò pé ibi tí ìkòkò àtíèkè ti gbá òun láyà ni. Ìgbà tí abíyá rẹ̀ wú, tí kò lè gbé ọwọ́ sókè wé gèlè, ni Oyèníran tó mọ̀. Wọ́n lọ sí ọsibítù, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni. Wọ́n gé ọmú náà. Wọ́n fa oògùn sí i lára títí irun orí rẹ̀ fi re dànù, ó sì tún hù padà, ó rọ̀ bí irun ọmọ tuntun. Ó lé ní ọdún kan tí wọ́n fi ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, dókítà pe Oyèníran sí kọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ máa gbé Màdáámù lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà láàárín àwọn èèyàn wọn."

Oyèníran ní, "Ìgbà wo la máa padà wá?"

Dókítà wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo ti kọ oògùn ìrora sílẹ̀ fún wọn."

Oyèníran kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ará ìjọ Kátólíìkì kì í dúró kí wọ́n sọ fún wọn kí wọ́n tó mọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àgínẹ́ẹ̀sì, arúgbó tó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ Léjíọ̀n Màríà, fi ẹsẹ̀ tó ń ro ó wọ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn.

"Jósẹ́fù," ó ní. Òun nìkan ló kù tó ń pe Oyèníran bẹ́ẹ̀. "A fẹ́ máa wá gbàdúrà lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Títí dìgbà wo?"

"Títí."

Báyìí ni wọ́n ṣe ń wá. Mẹ́fà lónìí, mọ́kànlá lọ́la. Obìnrin kan ń gun ọ̀kadà wá láti ìlú Ará, ẹrẹ̀ oko sì máa ń wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n á jókòó yí bẹ́ẹ̀dì Ọmọpẹ́ ká, ìdajì á bẹ̀rẹ̀ "Mo kí ọ Màríà", ìdajì yòókù á gbà á lẹ́nu wọn, títí ìlẹ̀kẹ̀ á fi yí po. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọn kì í kàn dìde lọ. Ẹnìkan á fọ aṣọ, ẹnìkan á dirun fún Ìfẹ́olúwa, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, tí kò sì sunkún lójú ẹnikẹ́ni.

Oyèníran kì í sí níbẹ̀. Bó bá ti ku díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, á kọjá sí òdìkejì títì, sí ṣọ́ọ̀bù Wàhábì télọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni á jókòó sí tí á máa gbọ́ ohùn àwọn obìnrin náà.

Lọ́jọ́ kan, Wàhábì dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. "Àwọn èèyàn ẹ ti dé."

"Èèyàn Ọmọpẹ́ ni wọ́n."

"Ta wá ni Ọmọpẹ́ jẹ́ sí ẹ?"

Oyèníran yí ojú sí títì. Wàhábì tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ.

Ọmọpẹ́ gan-an ló wá sọ ọ́ jáde. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló wà nínú yàrá, ọkọ ń fún un ní ògì tó ti dì.

"Bàbá Ìfẹ́, ẹ má máa sá jáde mọ́."

"Mi ò sá. Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ wo ni ti aago márùn-ún?" Ó mí, ó tún mí kó tó lè sọ̀rọ̀. "Tí wọ́n bá lọ tán, ẹ̀rù máa ń bà mí."

"Ṣebí èmi wà níbí tí wọ́n bá lọ."

"Ẹ wà níbí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kì í sọ̀rọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ká Oyèníran lára. Ó nu ẹnu rẹ̀ fún un, ó gbé abọ́ jáde.

Nígbà tí òjò oṣù kẹsàn-án ń rọ̀, ọkàn Ọmọpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, á tún padà bọ̀. Ìgbà mìíràn á pe Ìfẹ́olúwa ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní Àbíjàn. Lọ́jọ́bọ̀ kan, àwọn obìnrin jókòó, Ìyá Àgínẹ́ẹ̀sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà, Ọmọpẹ́ sì ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo àlejò. Ó wá la ẹnu, ó fi Faransé bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó mọ́ ju ti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn lọ: "Je vous salue, Marie…"

Ó sọ apá tirẹ̀ dé ibi tó ti yẹ kí àwọn yòókù gbè é, ó dúró. Kò sí ẹni tó gbè é; kò sí ẹni tó ti Àbíjàn dé láàárín wọn. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó dúró. Àwọn obìnrin ń wo ojú ara wọn. Ìyá Àgínẹ́ẹ̀sì fi Yorùbá dá a lóhùn, ṣùgbọ́n Ọmọpẹ́ mi orí, bí ọmọdé tí wọ́n fún ní oúnjẹ tí kò bèèrè. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ìfẹ́olúwa sá la òjò kọjá sí ṣọ́ọ̀bù Wàhábì.

"Dádì, Mọ́mì ń gbàdúrà ní Faransé. Kò sẹ́ni tó mọ èsì rẹ̀."

Oyèníran kò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wàhábì ló mú aṣọ tó ń rán kúrò lórí itan, ó ní, "Lọ, Oyè."

Ó lọ. Aṣọ rẹ̀ tutù rinrin, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, àwọn obìnrin sì yà fún un. Ọmọpẹ́ kò wò ó. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dé ibi ìdúró náà. Oyèníran la ẹnu. Ó ti tó ọdún méjìlá tó ti gbàdúrà kẹ́yìn.

"Sainte Marie," ó ní, ó sì rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Ṣùgbọ́n ìyókù tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan ń fa ìkejì, títí dé ibi tí wọ́n ti ń bẹ Ìyá Màríà pé kó gbàdúrà fún wa ní wákàtí ikú. Ibẹ̀ ló ti dá ẹnu dúró. Ọmọpẹ́ dúró dè é. Ó sọ ọ́ parí, obìnrin náà di ojú, ó bọ́ sórí ìkejì.

Àádọ́ta ni wọ́n kà lọ́jọ́ náà, àwọn méjèèjì. Àwọn obìnrin kàn ń yí ìlẹ̀kẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ.

Láti ọjọ́ náà, Oyèníran kò lọ sọ́dọ̀ Wàhábì ní aago márùn-ún mọ́. Bóyá ó gbà á gbọ́, bóyá kò gbà á gbọ́, kò ráyè bi ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń bèèrè, òun sì ń dáhùn. Nígbà tí Fadá wá fi òróró mímọ́ kun Ọmọpẹ́ níwájú orí àti ní àtẹ́lẹwọ́, Oyèníran ló di ọwọ́ náà mú. Fadá lọ tán, ìbínú gbé e. Ó bá Ìyá Àgínẹ́ẹ̀sì níta.

"Màmá, ẹ má bínú o. Oṣù kẹta rèé tí ẹ ti ń bọ̀. Kí ni àdúrà yìí ń ṣe?"

Arúgbó náà gbé ẹsẹ̀ tó ń ro ó ka orí àpótí. "Mo bi Fadá bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo sin Pọ́líìnì ọmọ mi. Wọ́n dá mi lóhùn dáadáa, ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Mi ò rántí ọ̀kan nínú ẹ̀ mọ́."

"Kí lẹ wá ń wá síbí ṣe?"

"Ọmọ mi, ṣé kí n jókòó sílé ni?"

Ìyá náà ní, "O ti jẹun?" Kò tíì jẹun. Ó bu ẹ̀kọ àti mọ́ín-mọ́ín fún un, ó sì dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ẹtì ni Ọmọpẹ́ kú, nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Kì í ṣe àkókò àdúrà. Oyèníran ń yí ìrọ̀rí rẹ̀ padà, Ìfẹ́olúwa ń pọn omi lẹ́yìnkùlé. Ọmọpẹ́ mí lẹ́ẹ̀kan, ọkọ rẹ̀ sì dúró de ìkejì. Ó dúró pẹ́. Ó wá sọ èsì àdúrà náà lẹ́ẹ̀kan sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bèèrè, kó tó pe ọmọ rẹ̀ wọlé. Ọjọ́ yẹn ni Ìfẹ́olúwa sunkún, igbe rẹ̀ sì dé títì.

Ní aago márùn-ún, àwọn obìnrin dé bí ìṣe wọn. Wọ́n ti gbé òkú lọ. Wọ́n jókòó yí bẹ́ẹ̀dì òfìfo ká, wọ́n sì gbàdúrà ní Yorùbá. Oyèníran bá wọn gbè é, ó ń ṣi ọ̀rọ̀ pè, nítorí kò fi Yorùbá kọ́ ọ rí.

Òun fúnra rẹ̀ ló kan pósí náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣi pákó gé, òun tí kì í ṣi pákó gé. Wàhábì di ìdí pákó mú fún un, ó sì rán aṣọ funfun sí inú rẹ̀, ó rán aṣọ náà dáadáa bí ẹni pé Ọmọpẹ́ máa wọ̀ ọ́ jáde. Nígbà tí wọ́n gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀pọ̀ èèyàn ló dúró títí dé ìta, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí Oyèníran láti Ọlá náà wá pẹ̀lú aṣọ funfun wọn.

Ó ṣòro lẹ́yìn náà. Ìfẹ́olúwa kì í fẹ́ wọ yàrá yẹn. Oyèníran kan òrùlé méjì láàárín oṣù kan nítorí kó má baà wà nílé. Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òmíràn, kò lọ.

Ìyá Ọmọpẹ́, Màmá Mọ́níkà, kò lè wá síbi ìsìnkú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé ìrìn Àbíjàn sí Èjìgbò mọ́. Orí fóònù ni wọ́n ti túfọ̀ fún un. Ní oṣù kìn-ín-ní, Oyèníran wọ ọkọ̀ Àbíjàn, ó fi Ìfẹ́olúwa sọ́dọ̀ Ìyá Àgínẹ́ẹ̀sì. Wọ́n kọjá ẹnubodè kan tẹ̀ lé òmíràn kí ó tó dé Treichville. Ó bá arúgbó náà lórí àga, ó dọ̀bálẹ̀ fún un gbọọrọ, kò lè dìde.

Màmá Mọ́níkà kò bi í léèrè oògùn, kò bi í léèrè ọsibítù.

"Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Oyèníran gbé orí sókè láti ilẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àgínẹ́ẹ̀sì wà níbẹ̀, Mà. Ìyá Lúúsì wà níbẹ̀. Ìyàwó tíṣà Ọ̀ṣúnkúnlé. Àbẹ̀ní tó ń ti Ará wá. Ìyá katikíìsì, àti àbúrò rẹ̀ tí kò ríran dáadáa…" Ó dárúkọ wọn tán, ó kù ẹnìkan. "Èmi náà wà níbẹ̀."

Omi ń ṣàn lójú arúgbó náà, kò nù ún.

"Tún dárúkọ wọn fún mi," ó ní. "Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."