Èyí Tó Ń Hó Nínú Àpáàdì

"Èwo ló ń hó nínú méjèèjì?"

Gbogbo wa ti tẹrí ba sórí àpáàdì méjì nídìí ààrò. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti bu iyọ̀ sínú ọ̀kan, ó bu kán-ún lílọ̀ sínú èkejì. Ọjà Ṣàrẹ́, lọ́wọ́ àwọn Nupe, la ti ń ra méjèèjì, àwọ̀ eérú kan náà ni wọ́n ní. Ó da omi ògì kíkan lé wọn lórí. Iyọ̀ dákẹ́. Kán-ún hó ṣìì, ìfófòó rẹ̀ ru sókè láìsí iná lábẹ́ rẹ̀, àwa ọmọ sì ń tira wa lórí ẹni tó máa fi ìka kàn án.

"Ti ọwọ́ ọ̀tún ni, Ìyá."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi."

Tiwa nìkan ni ìyá àgbà tó ń bá ọmọ ṣe irú eré yìí ládùúgbò, a sì máa ń fi yangàn.

Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá jáde, òun ló ń se ọbẹ̀ ilá tí a ń gbé lọ sójú oórì àwọn baba wa. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà, alásè kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun kan ahọ́n. Ẹni tó bá tọ́ ọbẹ̀ wò ti jẹun ṣáájú àwọn baba.

Lọ́dún kan, ìyá mi, tí ìmọ́tótó rẹ̀ pọ̀ jọjọ, jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó da omi kíkan orí ògì nù, ó fi omi tuntun sí i. Ìyá àgbà bu omi yẹn lé àpáàdì. A tẹ́tí títí.

"Kò sí èyí tó hó, Ìyá."

"Ẹ tún gbọ́ dáadáa."

Kò sí. Ó gbé ọwọ́ lé igbá iyọ̀ àti igbá kán-ún, ó dúró pẹ́. Ìyá mi ń gúnyán nítòsí, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà kò pè é. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ nínú ọ̀kan sínú ọbẹ̀.

Lójú oórì, olórí ilé wa fi òkèlè sẹ́nu, ó sì tu ú dànù níṣojú àwọn àna wa láti Àrán-Ọ̀rin. Ọbẹ̀ náà korò, ó ń yọ̀ lẹ́nu bí ọṣẹ. Bàbá mi wo ìyá rẹ̀, ó rọra ju ọwọ́ níwájú rẹ̀. Ojú Ìyá àgbà kò tẹ̀ lé ọwọ́ náà.

"Láti ìgbà wo, Ìyá?"

"Má bi mí níwájú àwọn àna."

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ ni wọ́n ń wí. Ìyá àgbà kò kú, ẹ̀sín náà ló bá gbé. Ó gbé ìgbakọ fún ìyá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, bí a bá ń jẹun, ògiri ló máa ń kọjú sí. Ojú tì mí gan-an nítorí rẹ̀. Orí ẹní rẹ̀ la ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ la ti ń jẹun, eré la sì pe ohun tó ń ṣe nídìí àpáàdì.

Èmi ni àgbà láàárín àwọn ìyàwó ilé ọkọ mi l'Ómù-Àrán báyìí. Èéfín kì í kúrò lójú mi mọ́, ì báà má síná. Lánàá, mo tọ́ omi ògì wò bóyá ó kan, mo tẹ́ àpáàdì méjì, mo pe àwọn ọmọọmọ mi. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n tún un ṣe.

Ìyàwó ọmọ mi yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Kí lẹ fẹ́ fi àpáàdì wọ̀nyí ṣe, Ìyá?"

Ojú tì mí, mo wolẹ̀.

"Eré ni mo ń bá wọn ṣe."