Àmì Kékeré Tó Wà Lórí Orúkọ Ìyábọ̀

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga ju odó màámi lọ, àwọn àgbà abúlé wa máa ń lọ sí ilé-ìwé. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni mo ń sọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, tí ìsìn bá ti parí tí wọ́n sì ti jẹun, wọn á padà sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú síléètì lábẹ́ apá. Orí bẹ́ǹṣì àwa ọmọdé ni wọ́n ń jókòó sí, orúnkún wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n wọn. Mo rántí gbogbo wọn lórúkọ. Adégòkè kápẹ́ńtà wà níbẹ̀, tó ń fi ọwọ́ oníka mẹ́rin di ẹfun mú. Wúràọlá aláró wà níbẹ̀, tí àmì ìka aró kì í tán lára síléètì rẹ̀. Ràfátù náà wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni, ó ní ìwé kì í béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹni. Tíṣà Fágbèmí ló ń kọ́ wọn. Màámi sì wà níbẹ̀, Abẹ́kẹ́, lórí bẹ́ǹṣì iwájú, torí ojú wọn kò ríran jìnnà mọ́.

Ìwé kẹta ni mo wà nígbà náà. Mo ti mọ̀wé kà díẹ̀, mo sì ń fi yangàn. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń dúró sí láti wò wọ́n.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà ní kí kálukú kọ ẹni tí òun jẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó yá, màámi na síléètì tiwọn sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ ni "Èmi ni ìyá Àìná." Èmi ni Àìná. Ṣùgbọ́n àmì tó yẹ kó gòkè lórí lẹ́tà A, sísọ̀ ni wọ́n mú un sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ ohun tó dà. Láti ojú fèrèsé ni mo ti pariwo, "Ìyà! Màámi ní ìyà mi ni àwọn!" Mo bú sẹ́rìn-ín. Ilé dàrú. Adégòkè ní, "Ẹ kú ìyà o, Ìyà Àìná!" Wúràọlá fi gèlè bo ẹnu.

Màámi kò wo Adégòkè. Èmi ni wọ́n wò. Wọ́n tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi nu síléètì náà, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀, wọ́n sì jáde. Wọn kò padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tíṣà Fágbèmí wá bẹ̀ wọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń sọ ni pé, "Ọmọ mi mọ̀wé, ó ti tó." Títí mo fi relé ọkọ, èmi ni mo ń ka lẹ́tà fún wọn. N kò tọrọ àforíjì. Mo ń sọ pé lọ́la, lọ́la, títí ikú fi dé. Oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo bí ọmọbìnrin. Kò sẹ́ni tó rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó sọ ọ́ ní Ìyábọ̀.

Ìyábọ̀ yìí ló mú mi wá sí Atlanta níbí. Nọ́ọ̀sì ni. Ilé tó rà ní McDonough lẹ́yìn ìlú, warehouse, ilé ìkẹ́rùsí ńlá ńlá, ló yí i ká, ọkọ̀ ńlá kì í jẹ́ kí fèrèsé sinmi gbígbọ̀n. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ewé ń wọ́, jẹjẹrẹ gbé e lọ. Ọmọ ló yẹ kó sin mí, èmi ni mo sin ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ìgbà náà, ìdí mi kì í gbé àga. Bí mo bá ti jókòó, mo ti dìde. Mo ń fọ àwo tó mọ́. Mo ń ká aṣọ tí ẹlòmíràn ti ká. Dáyọ̀, ọkọ rẹ̀, ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n sinmi. Mo ní tí mo bá sinmi, ìrònú ni yóò pa mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú ìyá àgbà kan nínú Atlanta, Mama Ruth. Júù ni, ó sì jù mí lọ ní ọdún mọ́kànlá. Èdè tí a jọ ń sọ kò ní "ẹ" nínú, torí náà "ìwọ" ni a ń pe ara wa, ó ti mọ́ mi lára. Àìná kò rọrùn lẹ́nu rẹ̀. "Iná" ló ń pè mí. Mo máa ń dá a lóhùn. Ta ló mọ̀ bóyá iná náà ni mo jẹ́?

Gbogbo àárọ̀ Wednesday ni mo ń tẹ̀ lé e lọ sí sínágọ́gù. Kì í ṣe àdúrà ni wọ́n ń lọ gbà, ẹ̀kọ́ ni. Uncle Mort, dókítà eyín tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé wa, tí yóò máa bá Mama Ruth jiyàn láti ẹnu ọ̀nà ilé títí dé ibẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, orí funfun nìkan ni mo rí yí tábìlì ká. Mo bi Mama Ruth létí pé, "Ṣé gbogbo yín kò tíì mọ̀ ọ́n títí di àsìkò yìí?" Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àwọn ọkùnrin ni bàbá òun ń kọ́, òun ń gbé tíì wọlé fún wọn, òun á sì dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí òun lè gbọ́. Ìgbà tí òun di opó ni òun tó bẹ̀rẹ̀ ABD èdè wọn.

Méjì méjì ni wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ẹnìkan á kà á sókè, ẹnìkejì á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ariwo náà pọ̀ débi pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ti dìde láti làjà. Ìyá tó máa ń jókòó ti Mama Ruth kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Florida, ni wọ́n bá fi mí sí àyè rẹ̀. Mo ní n kò mọ nǹkan kan. Mama Ruth ní, "Ìyẹn gan-an ló dára. Ẹni tí kò mọ̀ ló ń béèrè." Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, èmi ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Iṣẹ́ mi ni kí n fi ìka tẹ̀ lé ìlà ìwé fún un, torí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìwé wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sí òsì. Ó pẹ́ kó tó mọ́ ìka mi lára.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ òkúta. Ní Tuesday kan, Dáyọ̀ fi àwòrán hàn mí lórí fóònù, òkúta tí wọn ó gbé sórí sàréè Ìyábọ̀. Mo wò ó títí. Mo ní, "Dáyọ̀, kò sí àmì lórí ẹ̀."

Ó ní, "Mummy, kò sí àmì lórí badge rẹ̀ náà. Kò sí lórí licence rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ rẹ̀."

Mo ní, "Gbogbo ayé tó mọ̀ ọ́n yóò kú. Ẹni tó bá wá kà á lẹ́yìn wọn ńkọ́? Ṣé ìyá ló bọ̀ ni àbí ìyà ló bọ̀?"

Dáyọ̀ fa àga. Ó jókòó. Nígbà tó yá ó ní, "Ẹ kọ ọ́ fún mi, Mummy, pẹ̀lú àmì rẹ̀. Èmi ò mọ̀ ọ́n kọ. Àwọn tó ń gbẹ́ òkúta fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lẹ́nu mi kó tó di Friday."

Mo gba báírò. Ọwọ́ mi dúró lókè ìwé. Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ ibi tí àmì náà ń dojú kọ mọ́. Èmi tí mo rẹ́rìn-ín! Láti ọdún gbọọrọ tí mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, n kò fi àmì sórí ohunkóhun rí, ì báà ṣe ìwé ọjà, ì báà ṣe text. Ẹ ó ní ṣebí ìwé orin wà nílé, ṣebí fóònù wà. Ó wà. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí. Mo ní tí mo bá ní láti wo ibòmíràn kí n tó kọ orúkọ ọmọ tí mo bí, kí ni mo wá fi màámi ṣẹ̀sín fún? Mo sọ fún Dáyọ̀ pé kó fún mi láyè di ọ̀la. Mo lọ fọ àwo.

Lọ́jọ́ kejì, Rábì wọn, ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó Ìyábọ̀ lọ́jọ́ orí, pín ìwé kan fún wa. Ó ní bí ó ṣe wà nínú ìwé kíká ńlá wọn nìyí, tí wọ́n ń ṣí níwájú ìjọ. Lẹ́tà nìkan ló wà níbẹ̀. Gbogbo àmì tóótòòtó tó ń sọ bí wọn yóò ṣe pè é ti kúrò. Ó ní, "Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ló lè kà á." Mama Ruth ní òun á gbìyànjú. Ó kà á lọ geere, ó dé ibi tí Ọlọ́run fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì pe ọ̀rọ̀ kan. Rábì rẹ́rìn-ín músẹ́. Uncle Mort na ọwọ́ sókè: "Ruth! Ọlọ́run ní ọ̀rọ̀ òun ló ń bọ̀, ìwọ ní àjàkálẹ̀-àrùn ló ń bọ̀! O ti pa gbogbo wa!" Lẹ́tà kan náà ni àwọn méjèèjì, àmì ló yà wọ́n. Ni gbogbo tábìlì bá bú sẹ́rìn-ín.

Mo ti dìde, mo ti gbé báàgì Mama Ruth, mo ti mú kóòtù rẹ̀. Mo ní, "Ó yá, jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó ní, "Lọ sí ibo? Iná, jókòó, n kò tíì kà á tán." Ẹ̀rín ti mú omi jáde lójú òun fúnra rẹ̀. Ó kọjú sí wọn: "Mo ti pa yín, ẹ jẹ́ kí n jí yín dìde." Ó sì tún un kà.

N kò jókòó. N kò lè jókòó. Ibẹ̀ ni mo dúró sí pẹ̀lú kóòtù lọ́wọ́ tí ẹkún gbé mi, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn: síléètì, fèrèsé, òkúta. Rábì ní tí ènìyàn àwọn bá kú, àwọn máa ń kẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ rẹ̀. Àwọn á mú lẹ́tà orúkọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn á wá ẹ̀kọ́ tó bá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan mu. Ó ní, "Àìná, ṣé wàá jẹ́ kí a kọ́ ti òní ní orúkọ ọmọ rẹ?" Ó na máákà sí mi.

Mo lọ sídìí pátákó. Àwọn lẹ́tà kò le. Nígbà tó kan àmì orí A, mo sọ nínú ara mi pé gígòkè ni kó gòkè. Ìka mi tó ti mọ́ lára láti máa bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún sì mú ẹsẹ̀ àmì náà bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gùn ún lọ sí òsì. Mo sún sẹ́yìn.

Uncle Mort ní, "Kí ni àwọn ìrù èkúté tó wà lórí ẹ̀ yẹn?"

Mo wò ó. Síléètì màámi ni mo rí. Àmì kan náà, ó dojú kọ ibi kan náà. Mo ti kọ ọ́ pé ìyà bọ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ tó lè mọ̀, àfi èmi. Ni ẹ̀rín bá já jáde lẹ́nu mi, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ewé ti wọ́. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú. Mama Ruth kò mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ń bá mi rín in. Mo tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, bẹ́ẹ̀ ni, lójú Rábì, mo nu àmì náà kúrò. Mo wá rántí ohùn Tíṣà Fágbèmí: "Bí ìwé ti ń lọ, ni kí o máa bá a gun òkè." Mo tún un fà, láti òsì, ó gòkè lọ sí ọ̀tún. Mo sì ṣàlàyé fún wọn.

Mama Ruth ní, "Ìlà bíńtín yẹn ló ya ìyá kúrò lára ìyà?"

Mo ní, "Òun náà ni."

Ó kọjú sí Uncle Mort: "Ìwọ ń ráhùn pé tiwa le!"

Wọ́n mú lẹ́tà náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ẹyọ ìkẹyìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, torí wọn kò ní Ọ tiwa nínú èdè wọn. Uncle Mort ní lẹ́tà báyìí ni, Rábì ní rárá o. Wọ́n jiyàn lórí orúkọ ọmọ mi títí àsìkò fi lọ, ó sì dùn mọ́ mi nínú ju orin lọ.

Dáyọ̀ gba ìwé tí mo kọ orúkọ náà sí lọ́wọ́ mi nírọ̀lẹ́, ó pe àwọn tó ń gbẹ́ òkúta. Wọ́n ní àwọn lè gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ. Nígbà tiwa, àgbà tó bá ṣi ìwé kà, ojú á tì í jáde, ọmọdé tó mọ̀ díẹ̀ á sì máa fi í ṣẹ̀sín. Ní báyìí, mo rí arúgbó tó ṣì í kà, tó rẹ́rìn-ín, tó tún un kà. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa náà, bí ìwé kò bá tilẹ̀ lámì, ẹnu lámì. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ń pe orúkọ ìyá wọn báyìí bí ẹni ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀, kò gòkè, kò sọ̀. Ẹ ò rí i pé òkúta ni yóò máa kọ́ wọn.

Ara mi kò tíì balẹ̀. Mo ṣì ń fọ àwo tó mọ́. Ṣùgbọ́n mo lọ sídìí sàréè Ìyábọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì kúnlẹ̀, n kò yára dìde. Mo fi ìka tọ àmì náà láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé òkè. Mo ka orúkọ náà sókè. Mo ní, "Màámi, èmi náà ṣì í kọ o."