Àyè Funfun Lórí Ojú Ìwé Akọrin

Ìyàwó mi ló ń to ojú ìwé fún ìwé ìròyìn orin kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Siluko Road, ní ìlú Benin. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ní báńkì, mo máa ń jókòó wò ó. Bí ó bá parí ojú ìwé kan, yóò tẹ̀ ẹ́ jáde, yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀ ní pálọ̀, yóò dorí rẹ̀ kodò kí òun má baà lè kà á, yóò sì dúró lókèèrè. Ó ní ojú òǹkàwé máa ń wọlé kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ tó ka ohunkóhun. Ó ní àlejò ni ojú; bí ènìyàn bá kó àga dí ẹnu ọ̀nà, yóò padà síbi tó ti wá.

Ojú ìwé tó tò kẹ́yìn dá lórí màmá àgbàlagbà kan tó ń darí akọrin ní Ekiadolor, tí ohùn ti tán lọ́fun rẹ̀. Fọ́tò màmá náà wà nísàlẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó ń wo òkè. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ìyókù funfun ni. Mo bi í pé ṣé kò tíì parí rẹ̀ ni. Ó ní ó ti parí. Ibẹ̀ ni ohùn náà wà tẹ́lẹ̀.

Kò pẹ́ sí i, a gbé ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn, kò sì padà wálé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, olóòtú ìwé ìròyìn náà wá kí mi. Ó mú ojú ìwé náà wá, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un tò. Fọ́tò ìyàwó mi ló gba àyè funfun náà, pẹ̀lú òdòdó àti àbẹ́là, àti ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ní Benin, tòun ti fọ́tò gbogbo olóyè ẹgbẹ́. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tí a kò bá tẹ fọ́tò rẹ̀ jáde, bí ẹni pé a kò ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ ni.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni olóòtú wí, “ó jọ pé ara wọn ni ìyàwó yín fi àyè yìí sílẹ̀ dè.”

Èmi náà fẹ́ rí ojú ìyàwó mi níbẹ̀. Mo ní kí ó fún mi láyè di ọjọ́ kejì.

Ọmọbìnrin wa gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n Pidgin ló fi ń dáhùn. Ó tẹ́ ojú ìwé méjèèjì sílẹ̀, ó dorí wọn kodò, ó sì fẹnu tọ́ka sí ti olóòtú.

“Daddy, dis one na burial programme. Mummy no go gree.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún.

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ojú kò ríbi wọlé mọ́, màmá akọrin náà sì ti sọnù sábẹ́ àbẹ́là. Bí mo bá gbà, iṣẹ́ tí ìyàwó mi ṣe kẹ́yìn kò ní jáde láéláé. Bí n kò bá gbà, òun fúnra rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀.

Mo ní kí wọ́n tẹ ti ìyàwó mi bó ṣe wà. Alága ẹgbẹ́ sọ nípàdé pé bóyá mo ti rí ìyàwó tuntun ni n kò ṣe fẹ́ kí fọ́tò ti àkọ́kọ́ jáde.

Ní oṣù tó kọjá, mo gbé ṣòkòtò lọ fún aránṣọ kan ní Ikpoba Hill kí ó bá mi dín ìbàdí rẹ̀, nítorí mo ti rù. Ojú ìwé náà wà lára ògiri rẹ̀. Mo bi í pé ta ni màmá yẹn. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n, òun kò tilẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó kàn wu òun láti máa wò ó ni, pàápàá bí ariwo bá pọ̀ níta.

Mo fẹ́ sọ fún un pé ìyàwó mi ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ń wọn ìbàdí mi, mo sì dúró, mo kọjú sí ògiri. Kò sí fọ́tò tàbí orúkọ ìyàwó mi níbẹ̀, èmi ni mo sì ní kí ó rí bẹ́ẹ̀.