Bàbá Àlòkù Lórí Òrùlé Ilé Ìwòsàn

Títí dòní ni wọ́n ń sọ nípa ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Àlòkù, oníṣirò afẹ́fẹ́, kígbe nínú hẹlikọ́pítà. Awakọ̀, obìnrin kan tó ń pè é ní bàbá, ń sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ sórí òrùlé ilé ìwòsàn. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ wọn wà lẹ́yìn nínú kóòtù tuntun, bàbá sì jókòó tì í, ó di ìwé ìṣirò mọ́ àyà.

"Àlòkù!" ni bàbá ké. "Àlòkù ti ń bọ̀."

Ọ̀gá wo ara rẹ̀. "Bàbá, tuntun ni mo ra kóòtù yìí."

Ọ̀rọ̀ kóòtù kọ́. Bí hẹlikọ́pítà bá ń já bọ̀ ṣánṣán láìrìn síwájú, afẹ́fẹ́ tó ti tì sísàlẹ̀ a máa yí padà wá bá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ àlòkù ni bàbá ń pè é, nítorí kò lágbára láti gbé ọkọ̀ mọ́. Èyí tó burú níbẹ̀ ni pé bí awakọ̀ bá fi agbára kún un, ṣe ni yóò túbọ̀ máa rì.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òrùlé ń sáré bọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá pàdé wọn. Ọwọ́ awakọ̀ ti wà lórí irin tí ń gbé ọkọ̀ sókè.

"Má fà á," ni bàbá wí. "Ti imú ẹ̀ síwájú."

"Bàbá, a ti fẹ́ kanlẹ̀."

"Ọmọ mi, tì í."

Ó tì í. Ọkọ̀ dorí kodò díẹ̀, ó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò, ó sì gbé wọn kọjá etí òrùlé.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bàbá yìí kì í gun àkàsọ̀ kọjá ìpele kejì. Ìyàwó rẹ̀ ló ń pààrọ̀ gílóòbù nílé. Nígbà tó ṣe àpótí kan tí agogo rẹ̀ máa ń dún bí àlòkù bá ń bọ̀, ó gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé láti dán an wò, agogo sì dún.

"Bàbá ọmọ," ni ìyàwó wí, "ṣé ẹ̀yin náà ti di hẹlikọ́pítà ni?"

Ó ní lóòótọ́ lòun yára jù. Ó padà sókè, ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá a dùbúlẹ̀, awakọ̀ lọ kí i, ó sì béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

"Bàbá, ẹ ti mọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé ó máa ṣẹlẹ̀."

"Ìṣirò mi sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ní òun ò lè torí afẹ́fẹ́ pa ìpàdé jẹ."

"Ibi gíga sì ń bà yín lẹ́rù. Kí lẹ wá wọ ọkọ̀ ṣe?"

"Ṣé kí n jókòó sí ọ́fíìsì, kí n máa dúró de fóònù ni? Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju òkè lọ."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó di ọwọ́ bàbá mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí bàbá fi sùn lọ.